Ẹ̀jẹ̀ Tàbí Iṣẹ́? Ohun Tí Ìran Ń Ṣe Lára Eléré Ìdárayá

Bí eléré ìdárayá kan bá ta gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ níbi ìdíje àgbáyé, ohùn méjì ni ó sábà máa ń jáde láti ẹnu àwọn òǹwòran. Àwọn kan á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé bí wọ́n ti bí i nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni, pé iṣẹ́ àṣekára ni ó gbé e débẹ̀. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lásán. Òun ni òbí mìíràn ń gbé yẹ̀ wò kí ó tó yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ fún eré ìdárayá, òun náà ni olùkọ́ mìíràn sì ń tẹ̀ lé nígbà tí ó bá lé ọmọdé kúrò ní pápá, tí ó ní kò sí ohun tí ọmọ náà lè dà. Ẹni tí yóò bá ti ọmọ ọlọ́mọ síwájú, tàbí tí yóò fà á sẹ́yìn, nítorí ohun tí ó rò pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ṣàì mọ̀ pé ìran a máa jọ ìran. Wọ́n ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Bí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ bíi Àyándélé tàbí Àyántúndé, ó ti mọ̀ pé ilé onílù ni wọ́n ti bí ẹni náà. Bí ó bá gbọ́ Ọdẹ́wálé, ọkàn rẹ̀ á lọ sí ilé ọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ Àyàn náà dáadáa. Kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn ni ó ti ń gbọ́ ìlù lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kí ó tó lè ka iye ọmọ ìka rẹ̀ ni baba rẹ̀ ti gbé omele kọ́ ọ lọ́rùn. Nígbà tí ó bá wá di ọ̀gá nídìí ìlù, ta ni ó lè là á sí méjì pé apá ibi báyìí ni ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀ fún un, apá ibi báyìí sì ni ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́? Baba tí ó bí i náà ni ó tọ́ ọ. Ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá gan-an nìyí.

Ohun tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìgbà oyún ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ó wà, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ gbogbo ara, ó sì dà bí ìlànà tí a kọ sílẹ̀ fún ara pé báyìí ni kí o ṣe mọ eegun, báyìí ni kí o ṣe mọ iṣan, báyìí ni kí o ṣe po ẹ̀jẹ̀. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 20,000 lára ènìyàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní méjì méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó ṣe ìgbéyàwó. AA, AS tàbí SS tí wọ́n kọ sínú ìwé fún un, àbájáde jíìnì kan ṣoṣo ni: lẹ́tà kan ti ọ̀dọ̀ baba wá, lẹ́tà kejì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀ AA àti AS, ṣùgbọ́n ní ti eré ìdárayá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì ni ó ń dá sí i, agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kì í sì í tó nǹkan.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí ọ̀nà láti ya ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́. Bóyá ni ìran kan wà láyé tí ó mọ ìbejì tó Yorùbá. Igbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tilẹ̀ ti di ìlú olókìkí káàkiri àgbáyé nítorí wọn. Oríṣi ìbejì méjì ni ó wà. Nínú oríṣi kìíní, ẹyin kan ṣoṣo ni ó pín sí méjì nínú ìyá, jíìnì àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Nínú oríṣi kejì, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó di ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà jíìnì wọn kò jọra ju ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n bí ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Oríṣi kejì yìí ni ó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá; oríṣi kìíní kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Inú ilé kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé dàgbà sí, oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ. Bí a bá wá rí i pé àwọn ìbejì ẹlẹ́yin kan jọra nínú eré ìdárayá ju àwọn ẹlẹ́yin méjì lọ, a jẹ́ pé jíìnì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007 lórí àwọn obìnrin ìbejì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nǹkan bí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó di eléré ìdárayá àti ẹni tí kò dà á, ọ̀rọ̀ jíìnì ni.

Iye yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kò túmọ̀ sí pé ìdá 66 nínú eré tí obìnrin kan sá ti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá rẹ̀ wá, tí ìyókù sì ti ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ wá. Bí àgbẹ̀ bá gbin oríṣiríṣi irúgbìn àgbàdo sínú oko kan náà, tí òjò kan náà rọ̀ sí wọn, ìyàtọ̀ tí ó bá hàn lára wọn, irúgbìn ni ó fà á. Bí ó bá gbin irúgbìn kan ṣoṣo, tí ó gbin apá kan sí ilẹ̀ ọlọ́ràá, tí ó gbin apá kejì sórí òkúta, ilẹ̀ ni ó fa ìyàtọ̀ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa oko ni iye náà ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa igi àgbàdo kan. Ní ilẹ̀ tí ọmọ kan ti ń jẹun yó tí èkejì kò rí jẹ, tí ọ̀kan ní pápá tí èkejì kò ní, iye tí wọn yóò rí kò ní jẹ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Gíga ara ni ibi tí agbára ìran ti hàn jù lọ. Ní ilẹ̀ tí oúnjẹ ti tó, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni gíga àti ẹni kúkúrú ni ó jẹ́ ti jíìnì. Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ jíìnì kan. Ní ọdún 2022, ìwádìí kan tí ó kó ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ jọ rí ibi tí ó ju 12,000 lọ nínú àkọsílẹ̀ ara tí ó ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú gíga. Ẹni tí ó bá ń retí láti rí jíìnì ẹyọ kan tí ń sọ ènìyàn di aborí, kí ó rántí pé gíga lásán, tí a ń fi okùn wọ̀n, ní ju 12,000 lọ.

Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú Èkó ní ọdún 1963, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Kò sí olùkọ́ tí ó lè fi ìyẹn kọ́ ọmọ, kò sì sí ọmọ tí ó lè fi ìdárayá wá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, kì í ṣe bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ó ń gbá. Aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí ó sọ ọ́ di olókìkí, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọn yóò jọ figagbága ti ń gbá a láti kékeré. Ní ọdún 1980 ó wọ Yunifásítì Houston. Ní ọdún 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ ìdíje NBA, kí wọ́n tó mú Michael Jordan tí ó ṣe ìkẹta. Ní ọdún 1994 àti 1995, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ NBA. Ohun tí àwọn onímọ̀ bọ́ọ̀lù ń yìn lára rẹ̀ jù lọ kì í tilẹ̀ ṣe gíga, nítorí pé àwọn tí ó ga tó o pọ̀ nínú ìdíje náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn: bí ó ti ń yí bírí, tí ó ń ṣe bí ẹni ń lọ sí ọ̀tún tí ó sì gba òsì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ nígbà púpọ̀ pé orí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà ni òun ti kọ́ ọ. Jíìnì ni ó fún un ní gíga, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkó ni ó kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ Adétòkunbọ̀ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gríìsì, tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn ní Antetokounmpo, tún fi apá mìíràn hàn. Ọmọ Yorùbá ni baba wọn. Giannis, tí wọ́n bí ní Athens ní ọdún 1994, ni NBA dá lọ́lá pé òun ni ó ta yọ jù lọ ní sáà 2019 àti 2020, ó sì gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2021. Àwọn arákùnrin rẹ̀, Thanasis àti Kostas, náà ti gbá bọ́ọ̀lù nínú NBA. Kí ìdílé kan ní ọmọ mẹ́ta nínú ìdíje tí ó le tó bẹ́ẹ̀, kò lè jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n baba kan náà ni wọ́n, ìyá kan náà ni wọ́n, ìyà kan náà ni wọ́n jọ jẹ ní ìgbà èwe, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì dé góńgó. Bí òbí bá ń pín jíìnì fún ọmọ, ṣe ni ó dà bí ẹni ń da ayò: ọwọ́ tí ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àkọ́bí kọ́ ni yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń wá ẹ̀rí pé jíìnì kan ṣoṣo lè gbé ènìyàn ga, ọ̀dọ̀ Eero Mäntyranta, ará ilẹ̀ Finland, ni kí ó lọ. Ọdún 1937 ni wọ́n bí i ní agbègbè Pello, níhà àríwá orílẹ̀-èdè náà lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, tí àwọn ènìyàn sì ń so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ láti fi rìnrìn àjò. Eré ìje orí yìnyín ni ó yàn. Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 1960, 1964 àti 1968, ó gba àmì ẹ̀yẹ méje: wúrà mẹ́ta, fàdákà méjì àti idẹ méjì. Ní Innsbruck ní ọdún 1964, nínú eré kìlómítà 15, ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ṣíwájú ẹni tí ó ṣe ipò kejì.

Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí ṣàrà ọ̀tọ̀. Èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara, ó ní ju gíráàmù 200 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, nígbà tí ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kì í sábà ju 170 lọ. Àwọn kan fura pé ó ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Finland, tí Albert de la Chapelle ṣíwájú wọn, wá yẹ àwọn ẹbí rẹ̀ 97 wò, wọ́n sì bá irú ẹ̀jẹ̀ yìí lára 29 nínú wọn. Ọdún 1993 ni wọ́n gbé àṣírí rẹ̀ jáde. Nínú ara ènìyàn, kíndìnrín ni ó máa ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú eegun pé kí ó pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa fún ẹ̀jẹ̀. EPO ni orúkọ ohun tí ó ń rán níṣẹ́ náà. Ibi tí mùdùnmúdùn ti ń gba iṣẹ́ yìí ní ìrù kan, ìrù náà ni ó sì ń sọ fún un pé ó tó, kí ó dáwọ́ dúró. Nínú ìdílé Mäntyranta, jíìnì tí ń mọ ìrù yìí ní àṣìkọ kan, ìrù náà kò sì gùn tó bí ó ti yẹ. Bí iṣẹ́ bá ti dé, mùdùnmúdùn kì í tètè gbọ́ pé ó tó. Ohun tí àwọn eléré mìíràn ń wá kiri nínú abẹ́rẹ́ EPO, èyí tí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì ti fi òfin dè láti ọdún 1990, ọkùnrin yìí gbà á láti inú oyún ìyá rẹ̀.

Ó yẹ kí a bi ara ẹni léèrè pé àwọn yòókù ńkọ́? Ènìyàn 29 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ yìí. Ìbátan rẹ̀ kan, Pertti Teurajärvi, wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tí ó gba wúrà fún Finland lórí yìnyín ní ọdún 1976. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ẹbí náà ń bá iṣẹ́ oòjọ́ wọn lọ ní tiwọn, láìsí àmì ẹ̀yẹ kankan. Mäntyranta, ọmọ tálákà tí ó ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwé láti kékeré, tí ó sì di ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè nígbà tí ó dàgbà, kò fi ọjọ́ kan jókòó ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ parọ́: àwọn tí wọ́n bá a díje náà kò jókòó, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohun tí ó ní.

Jíìnì kejì tí ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti máa dárúkọ ni ACTN3. Iṣan ara ènìyàn pín sí oríṣi méjì pàtàkì: èyí tí ó lọ́ra tí kì í tètè rẹ̀, àti èyí tí ó yára bí ìbọn tí ó sì tètè ń rẹ̀. Inú èyí tí ó yára yìí ni èròjà tí ACTN3 ń ṣe wà. Àwọn kan wà láyé tí ẹ̀dà méjèèjì jíìnì yìí kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Kì í ṣe àìsàn, wọn kì í tilẹ̀ í mọ̀. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Austrálíà yẹ àwọn eléré ìdárayá tí ó ju 400 lọ wò. Nínú àwọn ará ìlú lásán, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní èròjà náà. Nínú àwọn tí ń sá eré kúkúrú àti àwọn tí ń fi agbára ṣe eré, ìdá 6 péré ni. Nínú àwọn obìnrin asáré kúkúrú wọn, kò sí ẹyọ kan. Kíá ni ariwo ti ta pé wọ́n ti rí jíìnì eré sísá.

Ariwo náà pọ̀ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Lóòótọ́, jíìnì yìí wúlò fún ẹni tí ń sáré kúkúrú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn kan àti èkejì ni ó ń fà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ọkùnrin afòjìnnà kan ní ilẹ̀ Sípéènì tí kò ní èròjà yìí rárá, síbẹ̀ tí ó ti ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì. Èyí tí ó kan àwọn ọmọ Yorùbá jù wá nìyí: nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà wò, ẹni tí kò ní èròjà náà kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, bóyá asáré ni tàbí kì í ṣe asáré. Ohun tí ó wà lára Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré mítà 100 tí a ń fo igi dábùú nínú rẹ̀ ní Eugene ní ọdún 2022, tí kò sì sí obìnrin tí ó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀, ni ó wà lára ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ọjẹ́, tí ó wà lára aránṣọ, tí ó wà lára akọ̀wé tí oókan rẹ̀ ń lù kì kì bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ní kò lè jẹ́ ìdí tí ẹnì kan fi yàtọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ni ó ń sáré, kí ni ìdí tí Jàmáíkà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta, fi ń ṣíwájú Nàìjíríà tí ó ní ju igba mílíọ̀nù lọ? Usain Bolt fi ìṣẹ́jú àáyá 9.58 sá mítà 100 ní Berlin ní ọdún 2009. Àwọn baba ńlá àwọn ará Jàmáíkà ti Áfíríkà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà ní erékùṣù náà. Láti ọdún 1910 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn ti ń pàdé níbi ìdíje eré ìje kan lọ́dọọdún, tí pápá ìṣeré a máa kún dẹ́nu, tí àwọn òbí a máa pariwo orúkọ ilé ìwé ọmọ wọn bí ẹni pé ogun ni wọ́n ń jà. Ọmọ tí ó bá yára ní Jàmáíkà, kò sí bí wọn kò ṣe ní rí i. Ní Nàìjíríà, ọmọ tí ó yára jù lọ ní gbogbo àgbáyé lè máa lé àgbọ̀nrín kiri nínú oko, kí ó sì dàgbà kí ó di arúgbó láìsí ẹni tí ó fi aago wọn eré rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn Kalenjin ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ìran Eliud Kipchoge, àti ti Kelvin Kiptum tí ó fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35 sá márátọ́ọ̀nù ní Chicago ní ọdún 2023. Orí òkè tí ó ga ju mítà 2,000 lọ ni wọ́n ń gbé, ojúgun wọn tẹ́ẹ́rẹ́ kò sì wúwo láti gbé. Àwọn onímọ̀ ti tú jíìnì wọn wò gan-an, wọn kò rí àṣírí ẹyọ kan tí ó jẹ́ tiwọn nìkan. Ó yani lẹ́nu pé nígbà tí aláwọ̀ dúdú bá gbégbá orókè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àwọn kan máa ń yìn. Nígbà tí aláwọ̀ funfun bá gbégbá orókè, òógùn ojú rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀.

Àwọn tí ń sọ pé iṣẹ́ nìkan ni gbogbo rẹ̀, ìwádìí kan wà tí kò ní dùn mọ́ àwọn náà nínú. Ní àwọn ọdún 1990, Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà kó ìdílé jọ, àwọn tí kì í ṣe eré ìdárayá kankan. Lára wọn ni ènìyàn 481 láti inú ìdílé aláwọ̀ funfun 98 wà. Wọ́n ní kí gbogbo wọn máa wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n ń ṣọ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn sì bá agbára kálukú mu. Ní ìparí, àwọn kan ti fi ju lítà kan lọ kún ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara wọn lè lò ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan kò fi nǹkan kan kún un rárá. Àwọn tí ó jèrè púpọ̀ sì pọ̀ sínú ìdílé kan, àwọn tí kò jèrè pọ̀ sínú ìdílé mìíràn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdílé tó ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà. Èyí ni pé èrè tí ara ń jẹ nínú iṣẹ́ pàápàá, ìran ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ méjì lè jọ jí ní ìdájí, kí wọ́n jọ sá eré kan náà fún oṣù mẹ́fà, kí ọ̀kan gbèrú kí èkejì wà lójú kan. Kí olùkọ́ tó pe èkejì ní ọ̀lẹ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ iṣẹ́ tí ó ń fún un.

Nítorí gbogbo èyí, òwò kan ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń ta àyẹ̀wò jíìnì fún àwọn òbí ní Amẹ́ríkà: wọn á fi òwú nu inú ẹnu ọmọ, wọn á fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ, èsì a sì padà wá pé eré kúkúrú ni ó bá ọmọ náà mu tàbí eré gígùn. ACTN3 tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 2015, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pa ohùn pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn eré ìdárayá ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ẹni tí yóò di aborí, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó fún ọmọdé. Ọmọ Yorùbá tí òbí rẹ̀ bá sanwó irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ohun tí wọn yóò sọ fún un kò yàtọ̀ sí ohun tí wọn yóò sọ fún gbogbo ará àdúgbò rẹ̀.

Àyẹ̀wò jíìnì kan wà tí ó wúlò fún ọmọ tí ń ṣe eré ìdárayá, kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n ń polówó. AS ni. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ẹni tí ó jẹ́ SS ni ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, dókítà rẹ̀ ni yóò sì sọ eré tí ó lè ṣe. AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ́ AS ni wọ́n sì ń sáré tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láìsí ìyọnu. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà sọ nípa àwọn ọ̀dọ́ ológun aláwọ̀ dúdú mẹ́rin tí wọ́n kú nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Fort Bliss, ní ìpínlẹ̀ Texas. AS ni wọ́n. Ìbẹ̀rù mú kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ojú òfurufú ní Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn AS, wọn kò sì ṣí i títí di ọdún 1981. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko pàdánù iṣẹ́ nítorí lẹ́tà kan.

Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2016 ti mú kí ọ̀rọ̀ náà yé ènìyàn sí i. Àwọn ológun aláwọ̀ dúdú 47,944 ni wọ́n tọpinpin ní Amẹ́ríkà. AS kò fi kún iye àwọn tí ó kú, ní ilé iṣẹ́ ológun tí wọ́n ti fi òfin mú omi mímu, ìsinmi àti ìkìlọ̀ nípa oòrùn fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ni ewu kí iṣan máa jẹrà nítorí iṣẹ́ àṣejù, èyí tí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, NCAA, ti pàṣẹ láti ọdún 2010 pé kí àwọn eléré ní ìpele wọn tí ó ga jù mọ̀ bóyá AS ni wọ́n, lẹ́yìn ikú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Rice ní ọdún 2006. Kì í ṣe láti lé wọn kúrò.

Ohun tí olùkọ́ ní láti ṣe kò gba owó. Kí ọmọ AS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà; kí wọ́n má ṣe fi eré àsápajúdé léra wọn lórí fún un láìsí ìsinmi láàrin; kí omi wà nítòsí; kí wọ́n dín iṣẹ́ rẹ̀ kù bí oòrùn bá mú, bí ara rẹ̀ kò bá yá, tàbí bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí òkè. Kí wọ́n sì mọ àmì rẹ̀. Ẹni tí pajápajá mú nítorí oòrùn a máa tiro, iṣan rẹ̀ a le bí igi, a máa ké. Ẹni tí AS ń dà láàmú kì í rí bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ a rọ̀, a rọra wó lulẹ̀, iṣan rẹ̀ kò ní le bí a bá fi ọwọ́ kàn án, ẹnu rẹ̀ sì lè máa sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀lẹ ni, á ní kí ó dìde kí ó parí eré rẹ̀. Ńṣe ni ó yẹ kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tù ú lára, kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn bí ó bá wà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá tètè bọ̀ sípò.